Láti Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà dé Ẹ̀fọ̀n: Ọ̀nà Ẹsẹ̀ Tí Igbó Ń Gbà Padà

Ìyá tó bí bàbá mi a máa sọ pé nígbà tí òun wà ní ọmọge, òun a ru ẹrù kúrò ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní ìdájí, òun a gba orí òkè dé Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òun a ná ọjà tán, òun a sì padà dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú. Kì í sọ ọ́ bí ẹni tó ń yangàn. Bí ẹni tó ń sọ pé òun lọ pọn omi ló ṣe máa ń sọ ọ́. Nígbà kan, mo bi í léèrè pé kí ni wọ́n fi ń dá ọ̀nà mọ̀ nínú igbó tó gùn tó bẹ́ẹ̀. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣebí ọ̀nà ló ń mú èèyàn lọ." Mo rò pé ọjọ́ ogbó ni kò jẹ́ kí ó dáhùn ohun tí mo bi í. Oṣù Kejìlá ọdún tó kọjá, nígbà tí Màmá ti fi ayé sílẹ̀ tipẹ́, ni mo tó mọ̀ pé ó dá mi lóhùn.

Iléṣà ni mo ń gbé, iṣẹ́ olùkọ́ ni mo sì ń ṣe. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́ yóò rí òkè tí mo ń sọ yìí ní ọwọ́ òsì rẹ̀ bí ó bá ti ń sún mọ́ Ẹ̀rìnmọ̀. Ó ta gbọọrọ, orí rẹ̀ rí págunpàgun, ìkùukùu a sì máa jókòó lé e ní àárọ̀ ìgbà òjò. Àwọn onímọ̀ nípa ilẹ̀ sọ pé ọ̀wọ́ òkúta yìí, tí wọ́n fi Ẹ̀fọ̀n sọ lórúkọ, gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 180, ó sì forí lé àríwá pẹ̀lú ìtẹ̀sí díẹ̀ sí ìlà-oòrùn. Kúọ́tísáìtì ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ìyẹn iyanrìn ayé àtijọ́ tí ooru àti ìwúwo ilẹ̀ tẹ̀ pọ̀ títí ó fi di akọ òkúta. Òkúta tó rọ̀ jù ú lọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti jẹrà, òjò ti gbá a lọ, èyí tó le ló ṣẹ́ kù sókè. Mo sọ ọ̀rọ̀ òkúta yìí nítorí pé òun gan-an ló ń pinnu bí ìrìn ẹni yóò ṣe rí. Lórí òkè níbi tí òkúta ti yọrí, ilẹ̀ fẹ́lẹ́ ni, koríko àti igi kúkùkú ló ń hù níbẹ̀, ẹsẹ̀ kì í sì í fi ipa sílẹ̀. Nínú àfonífojì, ilẹ̀ jinlẹ̀, ó lọ́ràá, igbó àti kòkó ló gba ibẹ̀, ọ̀nà a sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ dé Ẹ̀fọ̀n yóò wọ inú igbó, yóò jáde sí ọ̀dàn, yóò tún wọ inú igbó, lẹ́ẹ̀mẹ́ta tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, bí òkè náà bá ṣe ń ga tó sì ń rẹlẹ̀.

Àbúrò mi, ọmọ àbúrò bàbá mi, ni a jọ lọ. Kí a tó kúrò nílé, mo jókòó, mo ṣírò àkókò. Ará Scotland kan tó ń jẹ́ William Naismith ló fi ìlànà kan lélẹ̀ ní ọdún 1892 fún àwọn tó ń gun òkè. Bí a bá yí máìlì àti ẹsẹ̀ bàtà rẹ̀ sí òṣùwọ̀n òde òní, ohun tó sọ ni pé kí a ka wákàtí 1 fún nǹkan bíi kìlómítà 5, kí a sì fi wákàtí 1 mìíràn kún un fún bíi mítà 600 tí a bá gùn sókè. Mo fojú bù ú pé ìrìn wa lè tó kìlómítà 10, mo sì fi mítà 300 sí i fún gígùn òkè. Ó já sí wákàtí 2 àbọ̀. Mo ní kí a mú omi tó máa tó wákàtí 4 dání, kí a má baà kù díẹ̀ káàtó. Ìṣirò náà kò ní àbùkù fún ẹni tó ti mọ ọ̀nà. Kò sí ibi tí ó ti ka wákàtí tí èèyàn yóò fi dúró sí oríta, tí yóò máa wo ọ̀tún, tí yóò máa wo òsì.

Ní Ẹ̀rìn, a bèèrè lọ́wọ́ àwọn tí a bá lẹ́nu ọ̀nà Olúmirìn, omi tó ń já bọ́ láti orí òkè. Gbogbo wọn ló gbà pé ọ̀nà ń bẹ. Ọ̀kan ní bàbá òun máa ń gbà á. Obìnrin kan tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní kò sí ẹni tó ń gbà á mọ́, pé kí a wọ ọkọ̀, kí a má fi ara wa wọ́lẹ̀. Àwọn àgbà ní abèèrè kì í ṣìnà, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Àmọ́ ẹni tí a bi léèrè gbọ́dọ̀ ti gba ibẹ̀ ní àìpẹ́ yìí kí ìdáhùn rẹ̀ tó lè gbé èèyàn dé ibi kan.

Ìpele méje ni Olúmirìn ní. Ìtàn ìlú sọ pé Akínlà, ọmọbìnrin kan láti ìdílé Odùduwà, ló kọ́kọ́ ṣàwárí omi náà. Àwọn àlejò pọ̀ ní ìpele ìsàlẹ̀, níbi tí àtẹ̀gùn wà, tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń ya fọ́tò. Bí a ṣe ń gòkè ni èèyàn ń dín kù, tí ilẹ̀ ń yọ̀, tí a sì ń fi ọwọ́ di gbòǹgbò igi mú. Nígbà tí a kọjá ìpele òkè pátápátá, ariwo omi rọlẹ̀ lẹ́yìn wa, ó wá ku ohùn ẹyẹ àti ìró bàtà wa nìkan. Agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kọjá díẹ̀ ni.

Ọ̀nà tí a kọ́kọ́ tọ̀ dára. Ó gba abẹ́ kòkó, ilẹ̀ rẹ̀ tutù, ewé gbígbẹ bò ó, igi arère àti afàrà sì dúró gbọnrangandan lókè orí wa bí òpó ilé. Ìdààmú bẹ̀rẹ̀ ní oríta kẹta. Ohun tí ẹni tí kò rin irú ibẹ̀ rí máa ń rò ni pé àìsí ọ̀nà ló ń mú èèyàn sọnù. Ọ̀nà ló pọ̀ jù. Oko kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀, odò ní tirẹ̀, ọdẹ ní tirẹ̀. A yan èyí tó fẹ̀ jù, nítorí a rò pé ọ̀nà ìlú ló yẹ kí ó fẹ̀. A tọ̀ ọ́ fún nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó dé ìdí kùkùté ìrókò ńlá kan, ó sì parí síbẹ̀. Èèpo igi àti ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nílẹ̀. Ọ̀nà gẹdú ni. Mo dúró ti kùkùté yẹn, mo fi ọwọ́ kan ojú rẹ̀, inú mi sì bàjẹ́, kì í ṣe nítorí àkókò tí a pàdánù nìkan.

A padà. Fóònù mi ń rí ibi tí mo wà láti ojú sánmà, nítorí kò nílò nẹ́tíwọ́ọ̀kì fún ìyẹn, àmọ́ àmì búlúù kékeré náà dúró ní àárín àwọ̀ ewé tí kò ní ìlà kankan. Ó mọ ibi tí mo wà. Kò mọ ibi tí mo lè gbà. Òòrùn ló wúlò fún wa jù. Ní oṣù Kejìlá, òòrùn a máa tẹ̀ sí gúúsù ní ilẹ̀ wa, òjìji a sì nà sí àríwá bí ó bá di ọ̀sán. Àríwá Ẹ̀rìn ni Ẹ̀fọ̀n wà. Nígbà tí a jáde sí ọ̀dàn àkọ́kọ́, òjìji wa ni a ń tẹ̀lé.

Ọ̀dàn náà lẹ́wà tó bẹ́ẹ̀ tí mo gbàgbé fún ìgbà díẹ̀ pé a kò mọ ibi tí a ń lọ. Koríko ti gbẹ, ó ti di àwọ̀ oyin, òkúta funfun yọrí láàárín rẹ̀, ọyẹ́ sì bo àfonífojì ní apá méjèèjì débi pé àwọn òkè tó jìnnà dà bí ẹni pé wọ́n léfòó. Ipa ẹsẹ̀ pọ̀ níbẹ̀. A rí i mẹ́rin, márùn-ún, tí wọ́n ń bá ara wọn rìn ní ẹ̀gbẹ́ òkè, gbogbo wọn mọ́ dáadáa, a sì dúpẹ́. A tọ èyí tó mọ́ jù. Ó yí ẹ̀gbẹ́ òkè ká, ó wọ inú igbó tó wà nísàlẹ̀, ẹ̀ka igi bẹ̀rẹ̀ sí nà wá lójú, a tẹrí ba, a ń lọ. Nígbà tó yá, ipa náà pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ sì tú ká sínú ẹrẹ̀ kan tí pátákò màlúù ti tẹ̀.

Ibẹ̀ ni àbúrò mi ti ní kí òun lọ wo ọwọ́ iwájú. Mo gbà fún un, àṣìṣe sì ni. Àwọn méjì tí wọ́n ń wá ọ̀nà kò gbọdọ̀ pínyà. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, mo pe orúkọ rẹ̀. Ó dáhùn, àmọ́ ọ̀tún ni mo ti gbọ́ ọ, ní ìhà àfonífojì. Mo lọ sí ọ̀tún. Mo tún pè é, ó sì dáhùn láti òsì, lókè. Àyà mi já. Ara òkè tó wà níwájú wa ló ń gba ohùn rẹ̀, tó sì ń sọ ọ́ padà. Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ láti ọdún pípẹ́ pé ogun Kírìjì, tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn jà láti ọdún 1877 títí wọ́n fi tú àgọ́ ká ní ọdún 1893, apá àríwá àwọn òkè wọ̀nyí ni wọ́n ti jà á, láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, àti pé ìró ìbọn ńlá tó ń ti ara òkè kan bọ́ sí ara òkè kejì ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orí ìwé ni mo ti mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ yẹn ni etí mi gbọ́ ohun tí òkè wọ̀nyí ń fi ohùn ṣe, ohùn ẹnì kan ṣoṣo, kí a má tíì sọ ti ìbọn. Mo dákẹ́, mo dúró sójú kan, mo ń fi òkúta lu òkúta títí àbúrò mi fi wá bá mi.

Ẹni tó kọ́kọ́ ràn wá lọ́wọ́ ni ọmọkùnrin Fúlàní kan tó ń da màlúù, tí kò lè ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àgbẹ̀ àti darandaran gbóná ní agbègbè wa, mo sì mọ àwọn tí oko wọn bàjẹ́. N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọmọ yìí yanjú ìyẹn. Ohun tí mo rí ni ọmọ tó tẹrí ba sídìí màlúù kan tó ń tiro, tó ń yọ ohun kan kúrò láàárín pátákò rẹ̀. Ẹ̀rù wa bà á bí ẹ̀rù rẹ̀ ṣe bà wá. Mo kí i, ó fi Yorùbá dá mi lóhùn. Mo bi í léèrè ọ̀nà Ẹ̀fọ̀n, ó mi orí. Kò lọ sí Ẹ̀fọ̀n rí. Mo bi í léèrè omi, ó dìde lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó mú wa dé orísun kékeré kan lábẹ́ òkúta, èyí tó mọ́ kedere, ní òkè ibi tí màlúù ti ń mu. Lẹ́yìn náà, ó na ọwọ́ sí èéfín kan ní ìsàlẹ̀ òkè kejì. Ó ní, "Bàbá wà níbẹ̀."

Abà kan ni, ahéré mẹ́ta àti ibi ìsákòkó. Bàbá náà ń fi àdá gé igi ìdáná. A dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, a ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá."

Ó ní, "Òo, ẹ kú ìrìn. Níbo lẹ ti ń bọ̀ tí òòrùn fi kàn yín lórí báyìí?"

Nígbà tí a sọ fún un, kò rẹ́rìn-ín, kò sì bá wa wí. Ó ní kí a jókòó, ó bu omi fún wa, ó fún wa ní iṣu sísun, ó wá bi wá ní ìbéèrè kan tí n kò lè gbàgbé: "Ẹ ò rí i pé ẹ̀ka igi ń nà yín lójú ni?"

Mo ní a rí i.

"Ó dáa. Màlúù kò ní àdá. Ibi tí ẹsẹ̀ bá ti rí ibi tẹ̀, tí ẹ̀ka sì ń na èèyàn lójú, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ni ibẹ̀. Èèyàn tó bá ru ẹrù kò lè gba abẹ́ ẹ̀ka, àfi kó gé e."

Ó dìde, ó ní òun máa sìn wá dé òkè. Ìrìn ìdajì wákàtí yẹn ni ilé ẹ̀kọ́ tó dára jù tí mo jókòó sí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó fi hàn wá pé ọ̀nà gẹdú a máa fẹ̀, àmọ́ ìdí igi ló ń lọ. Pé ọ̀nà ọdẹ ń tọ ibi tí ẹran ń jẹ̀, kò bìkítà fún ìlú. Pé ọ̀nà àgbà, èyí tí ìlú méjì jọ ń rìn, a máa rì sínú ilẹ̀ bí poro, nítorí ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ti gbẹ́ ẹ, kódà bí koríko bá bò ó, ẹsẹ̀ yóò mọ ibi tó kòtò. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí òkúta, ó ní kí a wò ó ní ẹ̀gbẹ̀ẹ́gbẹ́. Ohun funfun tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara òkúta wà níbi gbogbo, àfi lórí ìlà tóóró kan tó dán díẹ̀, tó gba àárín òkúta kọjá. A ti tẹ̀ ẹ́ kọjá lẹ́ẹ̀mejì ní àárọ̀ yẹn, a kò rí i. Ó fi àwọn pèrègún hàn wá, tí àwọn ará àtijọ́ gbìn sí ààlà oko àti sí oríta, nítorí iná kì í tètè pa á, kò sì sí ẹni tó ń hú u. Ó ní bí a bá rí pèrègún tó dá dúró nínú igbó, a kò tíì sọnù.

Mo bi í léèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tó ń yẹ ọ̀nà náà mọ́. Ó ní tẹ́lẹ̀, bí ọdún bá ti ń sún mọ́, àwọn ọ̀dọ́ Ẹ̀rìn á fi àdá yẹ̀ ẹ́ dé àárín, àwọn ti apá kejì á yẹ̀ ẹ́ wá pàdé wọn. Ọ̀nà ọlọ́kọ̀ dé, ọ̀kadà dé, àwọn ọmọ lọ sí Èkó. "Àwa mẹ́ta la kù ní abà yìí," bẹ́ẹ̀ ló sọ, ó sì ń gé ẹ̀ka kan kúrò lójú ọ̀nà bó ṣe ń sọ ọ́, láìwo ọwọ́ ara rẹ̀.

Láti ibi tí ó ti fi wá sílẹ̀, a bẹ̀rẹ̀ sí kàwé. N kò mọ ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè lò fún un. A rí pèrègún méjì ní oríta, a gba àárín wọn. A rí kùkùté tẹ́ẹ́rẹ́ tí àdá gé ní ìtẹ̀sí, tó ti gbẹ, tó ti dúdú, a mọ̀ pé èèyàn ló gé e, pé ó sì ti pẹ́. Níbi tí iná ti jó ọ̀dàn kan dúdú, tí gbogbo ipa ẹsẹ̀ pa rẹ́, ẹsẹ̀ wa rí poro náà lábẹ́ eérú. Nínú igbó ìkẹyìn, a já sí ahoro kan: akòko gíga, òkúta àdògán mẹ́ta tí igi ti hù láàárín wọn, àti igi obì àbàtà tí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ mọ́ bí ẹni pé wọ́n gbá a. Bàbá ti sọ fún wa pé abẹ́ obì yìí ni àwọn arìnrìn-àjò ti máa ń sọ ẹrù kalẹ̀, títí kan àwọn Òṣómàáló, àwọn Ìjẹ̀ṣà tó ń ru aṣọ káàkiri tà ní àwìn, tí wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Mo jókòó síbẹ̀. Mo ronú pé Màmá ti gbọ́dọ̀ jókòó síbẹ̀, pé ó ti sọ ẹrù, ó ti nu ojú, ó sì ti tún ẹrù rù. Mo sunkún díẹ̀, àbúrò mi sì fi ọ̀wọ̀ wo apá ibòmíràn.

Agogo márùn-ún ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni a gbọ́ ìró ọ̀kadà. Ìrìn tí mo ṣírò sí wákàtí 2 àbọ̀ gbà wá ní nǹkan bíi wákàtí 8. Òòrùn yóò wọ̀ ní nǹkan bí agogo mẹ́fà àbọ̀, bí ó bá sì ti wọ̀ ní ilẹ̀ wa, kò tó ìdajì wákàtí kí òkùnkùn tó bo igbó. Bí kì í bá ṣe ọmọ darandaran yẹn àti Bàbá, inú igbó ni a ò bá sùn.

Nígbà tí mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi níbi iṣẹ́, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní kí ìjọba lọ fi ọ̀dà kun ara igi. N kò kọ̀ ọ́. Ní Switzerland, pátákó aláwọ̀ ìyèyè ni wọ́n fi ń tọ́ka ọ̀nà ẹsẹ̀ tó rọrùn, àmì funfun, pupa, funfun sì ni ti orí òkè, ó sì ń dáàbò bo ẹ̀mí. Àmọ́ ọ̀dà kì í gé koríko. Ọ̀nà tí wọ́n kùn tí ẹnikẹ́ni kò rìn yóò di igbó tó ní ọ̀dà lára. Ohun tí ọ̀nà Ẹ̀rìn sí Ẹ̀fọ̀n ṣaláìní ni ẹsẹ̀ àti àdá, àti ẹni tí yóò wà ní abà nígbà tí arìnrìn-àjò bá bèèrè.

Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí òjò ti fi ẹsẹ̀ múlẹ̀, èmi àti àbúrò mi padà lọ. A mú àdá méjì, a mú iyọ̀ àti búrẹ́dì fún Bàbá, a sì gé ọ̀pá pèrègún márùn-ún lẹ́yìn ilé wa ní Iléṣà. Bàbá fi ibi tí ó yẹ hàn wá: méjì ní oríta kẹta níbi tí ọ̀nà gẹdú ti ń tan èèyàn, mẹ́ta ní ẹnu ọ̀dàn níbi tí ipa màlúù ti bẹ̀rẹ̀. A rì wọ́n mọ́lẹ̀, a tẹ ìdí wọn. Nígbà tí a lọ wò wọ́n ní oṣù Kẹsàn-án, méjì ti kú, mẹ́ta ti yọ ewé. Ẹnì kan ti ro ìdí ọ̀kan nínú wọn. Bàbá ní kì í ṣe òun.